Ìwé Kíkà Ọjọ́ Ìsinmi Nínú Ìjọ Àgùdà: Iṣẹ́ Òǹkàwé àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Ibi tí ọmọ Yorùbá lè jókòó sí lóde òní, kí ẹnì kan dìde dúró, kí ó sì ka Yorùbá tí a kọ sílẹ̀ sí i létí láìbu èdè mìíràn mọ́ ọn, kò pọ̀ mọ́. Kíláàsì tí a ti ń kọ́ èdè Yorùbá jẹ́ ọ̀kan. Rédíò, níbi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn, jẹ́ èkejì. Ilé ìjọsìn ni ẹ̀kẹta. Àwa olùkọ́ èdè a máa kọ̀wé lórí ti kíláàsì. A sì ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ti rédíò. Ti ilé ìjọsìn ni a kì í sábà fọwọ́ kàn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà nìkan ni.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àlàyé lórí ìwé tí a máa ń kà nínú Mísà ọjọ́ Ìsinmi nínú Ìjọ Àgùdà. A ó kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ṣe dé ibi tí ó wà lónìí. Lẹ́yìn náà, a ó mú ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo, a ó sì yẹ àwọn ẹ̀kọ́ tí a kà ní ọjọ́ náà wò. Kókó tí a fẹ́ fi yé àwọn akẹgbẹ́ wa ni pé etí ni àṣàrò lórí Ìwé Mímọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òǹkàwé bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ lò, àṣàrò ti fọ́ kí ó tó dé ọkàn ẹni tí ń gbọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ wa kan wà nínú rẹ̀.

A mọ̀ pé ẹlẹ́sìn oríṣìíríṣìí ni ó wà nínú ẹgbẹ́ wa. A kò fi àpilẹ̀kọ yìí wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń ka ìtumọ̀ Kùránì fún àwùjọ, tàbí ẹni tí ń ka ẹsẹ Ifá tí a kọ sílẹ̀, yóò rí ohun tí ó kan òun náà nínú rẹ̀.

Bí Ìwé Kíkà Náà Ṣe Dé Èdè Wa

Orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ìjọ yìí ní ìtàn nínú. Àgùdà ni a ń pe àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti oko ẹrú ní ilẹ̀ Bràsílì padà wá sí Èkó àti àwọn ìlú etí òkun mìíràn ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Wọ́n mú ìgbàgbọ́ Kátólíìkì bọ̀ pẹ̀lú wọn. Kí àwọn fadá ẹgbẹ́ SMA tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní ọdún 1868, àwọn Àgùdà yìí ti ń péjọ gbàdúrà lábẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí òun pàápàá ti jẹ́ ẹrú rí. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ìjọ náà ti gba orúkọ.

Èdè Látìn ni a fi ń ṣe Mísà nígbà náà. Ìwé Mísà tí Póòpù Pius Karùn-ún gbé jáde ní ọdún 1570 ni ó fi ètò lélẹ̀. Nínú ètò yẹn, ohun tí a bá kà ní ọjọ́ Ìsinmi kan ni a ó tún kà ní ọjọ́ Ìsinmi náà ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó máa ń wà, ọ̀kan láti inú lẹ́tà àwọn Àpọ́sítélì, èkejì láti inú Ìhìnrere. Májẹ̀mú Láéláé kì í sábà yọjú ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá bàbá mi máa ń sọ fún wa pé rósárì ni àwọn máa ń kà jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tí fadá bá ń kàwé lórí pẹpẹ. Bí agogo bá dún ni àwọn tó mọ ibi tí wọ́n dé.

Ìgbìmọ̀ Fatikáànù Kejì ni ó yí èyí padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963, ìgbìmọ̀ náà gbé ìwé àṣẹ lórí ìjọsìn jáde. Ìwé náà pa á láṣẹ pé kí wọ́n ṣí Ìwé Mímọ́ sílẹ̀ fún ìjọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì la ọ̀nà fún lílo èdè tí ìjọ gbọ́. Ní ọdún 1969 ni ètò ìwé kíkà tuntun jáde; wọ́n sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe ní ọdún 1981. Ètò yìí ni a ń tẹ̀ lé títí di òní.

Bí Ètò Ọdún Mẹ́ta Ṣe Rí

Ọdún mẹ́ta ni ètò tuntun yìí fi ń yí ká. Wọ́n fi lẹ́tà A, B àti C sàmì sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìhìnrere Mátíù ni ó ni Ọdún A, ti Máàkù ni Ọdún B, ti Lúùkù sì ni Ọdún C. Ìhìnrere Jòhánù kò ní ọdún tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni a máa ń kà jù ní àkókò Lẹ́ńtì àti Àjíǹde. A tún máa ń kà á fún ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún nínú Ọdún B, nítorí pé Ìhìnrere Máàkù kúrú.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ọdún tí a wà kò le, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi 3 pín ọdún náà. Bí kò bá ṣẹ́ kù, Ọdún C ni. Bí ó bá ku 1, Ọdún A ni. Bí ó bá ku 2, Ọdún B ni. Bí àpẹẹrẹ, 3 lọ́nà 675 jẹ́ 2025. Nítorí náà Ọdún C ni ọdún 2025. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ọdún ìjọsìn kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì, nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí Kérésìmesì dé, ni ó ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́rin ni ìjọ máa ń gbọ́. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní máa ń wá láti inú Májẹ̀mú Láéláé, àfi ní àkókò Àjíǹde tí a máa ń ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì dípò rẹ̀. Sáàmù ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ́ kejì máa ń wá láti inú lẹ́tà àwọn Àpọ́sítélì tàbí ìwé Ìfihàn. Ìhìnrere ni ó gbẹ̀yìn, gbogbo ìjọ a sì dìde dúró láti gbọ́ ọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni bí àwọn ẹ̀kọ́ náà ṣe bá ara wọn tan. Ní àkókò tí kì í ṣe ti àjọ̀dún ńlá, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní kí ó lè bá Ìhìnrere mu. Ó dà bí àlọ́ àpamọ̀: a pa á sílẹ̀, a dúró díẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì dé nígbà tí a bá ka Ìhìnrere. Ẹ̀kọ́ kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ń lọ ní tirẹ̀, láti orí kan dé orí kejì nínú lẹ́tà kan náà, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe àṣàrò kò gbọdọ̀ fi tipátipá so ó mọ́ àwọn yòókù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá bá wọn mu, kí a yọ̀. Bí kò bá sì bá wọn mu, kí a gbọ́ ọ fún ohun tí ó ń sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi Kan Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí a wá mú Ọjọ́ Ìsinmi Karùn-ún nínú Ọdún C, èyí tí ó máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, yẹ̀ wò.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní wá láti inú ìwé wòlíì Àìsáyà, orí kẹfà. Ọdún tí ọba Ùsáyà wàjà ni wòlíì náà rí ìran. Ó rí Olúwa lórí ìtẹ́, àwọn séráfù ń ké sí ara wọn pé mímọ́ ni, ìloro tẹ́ḿpìlì mì tìtì, èéfín sì gba inú ilé kan. Ẹ̀rù ba Àìsáyà. Ohun tí ó kọ́kọ́ rántí ni ètè rẹ̀: ó ní ètè òun kò mọ́, àárín àwọn tí ètè wọn kò mọ́ ni òun sì ń gbé. Ọ̀kan nínú àwọn séráfù náà fi ẹ̀mú mú ẹ̀yinná lórí pẹpẹ, ó sì fi kan ètè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Olúwa béèrè ẹni tí òun yóò rán, Àìsáyà sì ní kí ó rán òun.

Sáàmù 138 ni a kọ tẹ̀ lé e. Nínú rẹ̀, olórin ń dúpẹ́ níwájú àwọn áńgẹ́lì, èyí sì rán wa létí àwọn séráfù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa wọn. Bí a ṣe ń kọ ọ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá: olórin a lé, ìjọ a gbè. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá a nílé kí ó ṣọ́ra, nítorí Sáàmù 137 ni àwọn ìwé Mísà kan ń pè é. Kíkà àwọn Gíríìkì àti Látìn ni wọ́n tẹ̀ lé, èyí tí ó pa Sáàmù 9 àti 10 pọ̀ di ẹyọ kan.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti inú lẹ́tà kìn-ín-ní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Pọ́ọ̀lù ń ka àwọn tí wọ́n rí Jésù lẹ́yìn àjíǹde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Pétérù, ó mẹ́nu ba àwọn ará tí wọ́n lé ní 500, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹni ìkẹyìn, bí ọmọ tí a bí láìpé ọjọ́. Ó ní òun ni ó kéré jù nínú àwọn Àpọ́sítélì, nítorí pé òun ti ṣe inúnibíni sí Ìjọ Ọlọ́run.

Ìhìnrere wá láti inú Lúùkù, orí karùn-ún. Jésù dé etí adágún Gẹ̀nẹ́sárẹ́tì, ó wọ inú ọkọ̀ Símónì, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ láti inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Símónì tu ọkọ̀ lọ sí ibú, kí wọ́n ju àwọ̀n. Símónì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn kò rí nǹkan kan pa. Síbẹ̀ ó gbọ́ràn. Ẹja tí wọ́n kó pọ̀ débi pé àwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Símónì kò yọ̀. Ńṣe ni ó wólẹ̀ ní eékún Jésù, tí ó ní kí ó kúrò lọ́dọ̀ òun, nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun.

Bí a bá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà yóò yé wa. Ènìyàn mẹ́ta ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ ìdí tí òun kò fi yẹ. Àìsáyà dárúkọ ètè rẹ̀. Pọ́ọ̀lù dárúkọ ohun tí ó ti ṣe sẹ́yìn. Símónì kò tilẹ̀ dárúkọ nǹkan kan. Ó kàn ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun. Kò sí ẹni tí Ọlọ́run dá lóhùn pé irọ́ ni ó ń pa, pé ènìyàn rere ni. Wọ́n jẹ́wọ́, a wẹ ọ̀kan mọ́, a fi oore-ọ̀fẹ́ gbé ọ̀kan dìde, a ní kí ọ̀kan má bẹ̀rù, a sì rán gbogbo wọn níṣẹ́. Ọdún yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tí ẹ̀kọ́ kejì ṣe déédéé pẹ̀lú àwọn yòókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà sí àwọn ará Kọ́ríńtì ni a ti ń kà bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.

Àwọn àgbà wa ní, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òwe yìí ń kìlọ̀ fún ẹni tí kò mọ ẹnu pa mọ́. Ọ̀rọ̀ Àìsáyà kọjá ìyẹn: ètè tí yóò jẹ́ iṣẹ́ elòmíràn ní láti mọ́ kí ó tó ya. Èyí kan ẹni tí ó dúró kàwé ní ọjọ́ náà gan-an.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Sí Mi

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2022, èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní yìí nínú ìjọ tí mo ń lọ. Ẹni tí ó yẹ kí ó kà á kò tètè dé. Olórí àwọn òǹkàwé wò mí lójú, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá wa kà á. Ṣebí Yorùbá ni iṣẹ́ yín.” Mo gbà. N kò tíì wo ìwé náà rárá. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìwé-ẹ̀rí mi.

Mo ń kà á lọ geerege títí mo fi dé ibi tí séráfù ti fi ẹ̀mú mú ẹ̀yinná. Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí ó wà níwájú mi. Mo pè é ní ẹmu. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti tún un pè, ohùn mi sì wọlẹ̀. Bí mo ṣe parí rẹ̀ kò yé èmi pàápàá.

Lẹ́yìn Mísà, màmá àgbàlagbà kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, “Tíṣà wa, ẹ má bínú o. Ṣé wọ́n ń dá ẹmu lórí pẹpẹ ọ̀run ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tí ó wọ̀ mí lára: “N kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá gbọ́ níbí ni mo ń gbé lọ sílé rò títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe sí ètè ọkùnrin yẹn, ẹ̀rín àwọn ọmọ wọ̀nyí kò jẹ́ kí n gbọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohùn tí mo ṣì pè kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì tí a yọ nínú ìdánwò. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo gbà lẹ́nu àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ ni ẹyin. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́.

Ibi Tí Ohùn Ti Ń Da Ọ̀rọ̀ Rú

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ó léwu. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kan náà, a rí ìwọ̀nyí:

Ọkọ̀ ni Jésù wọ̀. Bí òǹkàwé bá gbé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọkọ Símónì ni ìjọ yóò gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà tún lè di ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Ọ̀kọ̀ yìí wà nínú Àìsáyà orí kejì, tí a máa ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì Ọdún A.

Àwọ̀n ni wọ́n ń fọ̀. Bí a bá kà á sí àwọn, gbólóhùn náà yóò dúró lójú ọ̀nà, nítorí ìjọ yóò máa retí ẹni tí àwọn náà jẹ́.

Ibú ni a tu ọkọ̀ lọ. Ìbú ni a fi ń wọn aṣọ àti ilẹ̀. Ẹni tí ó bá pe èkejì dípò èkíní ti sọ omi jíjìn di omi fífẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni jíjìn omi náà ni ó fi ìgbọràn Símónì hàn.

Ètè ni ẹ̀yinná kàn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìwé kíkà ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ẹni tí ó bá rí “ete” lórí fóònù lè kà á sí ète, èyí tí í ṣe èrò ọkàn. Ó sì lè kà á sí ẹ̀tẹ̀, àrùn burúkú. Ohun tí Àìsáyà jẹ́wọ́ yóò yàtọ̀ pátápátá.

Ohùn nìkan kọ́. Ibi tí a ti ń mí náà ṣe pàtàkì. Nínú ẹ̀kọ́ kejì, Pọ́ọ̀lù sọ pé òun ṣe iṣẹ́ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó sì sọ pé kì í ṣe òun, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni. Bí òǹkàwé bá dánu dúró lẹ́yìn gbólóhùn kìn-ín-ní, tí ó gbójú sókè, tí ó mí kanlẹ̀, ó ti sọ Pọ́ọ̀lù di afúnnu.

Ìṣòro Ìwé Tí A Ń Lò

Kì í ṣe òǹkàwé nìkan ni ó jẹ̀bi. Bíbélì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ni èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884. Iṣẹ́ ńlá ni, àwa tí a ń kọ́ èdè yìí kò lè san gbèsè rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974, tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. “Aiye” ni ọmọ yóò rí níbi tí a ti kọ́ ọ ní ayé. “Enia” ni yóò rí dípò ènìyàn. “Nwọn” dípò wọ́n. “Ẹnyin” dípò ẹ̀yin. Ibi díẹ̀ ni a fi àmì ohùn sí. Ẹni tí ó ti fi etí gbọ́ ọ láti kékeré kò níṣòro. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ bá a pàdé lórí ìwé ni ìdààmú bá.

Fún ọmọ Ìjọ Àgùdà, ìṣòro mìíràn tún wà. Àwọn ìwé kan tí ìjọ yìí kà mọ́ Ìwé Mímọ́ kò sí nínú Bíbélì yẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi Ìdílé Mímọ́, lẹ́yìn Kérésìmesì, a máa ń ka ìwé Síràkì orí kẹta, níbi tí ó ti kọ́ ọmọ láti ní sùúrù fún bàbá rẹ̀ bí ọjọ́ ogbó bá tilẹ̀ gba òye lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé, nítorí a mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ó bá fẹ́ wá a sínú Bíbélì ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Mákábéè Kejì orí keje, tí a máa ń kà ní Ọjọ́ Ìsinmi Kejìlélọ́gbọ̀n Ọdún C. Ó di dandan kí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ tètè béèrè ìwé ìjọ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ohun Tí Olùkọ́ Yorùbá Lè Ṣe

Ìjọ fúnra rẹ̀ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ òǹkàwé. Ní ọdún 1972, Póòpù Paul Kẹfà ṣe ètò tuntun fún oyè òǹkàwé, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe àlùfáà. Àwọn obìnrin ti ń kàwé nínú Mísà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni Póòpù Francis, tí ó papò dà ní ọdún 2025, fi òfin ṣí oyè náà sílẹ̀ fún wọn. Òun náà ni ó ya Ọjọ́ Ìsinmi Kẹta sọ́tọ̀ ní ọdún 2019 fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ohun tí ó kù ni bí a ó ṣe rí òǹkàwé tí ó mọ Yorùbá kà. Ibí yìí ni a ti nílò wa.

Láti ọdún 2022 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìgbésẹ̀ tí a ń tẹ̀ lé nìyí:

(i) Kí òǹkàwé ka ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

(ii) Kí ó da ẹ̀kọ́ náà kọ sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì fi àmì ohùn sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò bá dá a lójú, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà, kí ó má ṣe méfò.

(iii) Kí ó fa ìlà sí ibi tí yóò ti mí.

(iv) Kí ó kà á sókè sí ẹnì kan tí kò ní ìwé lọ́wọ́. Bí ẹni náà bá lè sọ ohun tí ó gbọ́, ìwé ti yé e nìyẹn.

(v) Kí ó ka Ìhìnrere ọjọ́ náà pẹ̀lú, kí ó lè mọ ìdí tí wọ́n fi yan ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ó gba àkókò jù, òun náà ni ó sì wúlò jù. Ọmọ tí ó ti jiyàn lórí ohùn ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ àṣàrò láìmọ̀, nítorí kò lè yan ohùn láìmọ ìtumọ̀. Ní ti òwe tí ó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ, mo máa ń sọ fún wọn pé kò kan òǹkàwé. Iṣẹ́ tí a rán an gan-an ni kí ó jẹ́, kí ó má ṣe tún un ṣe.

Ọdún mẹ́ta yí ká. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀kọ́ Àìsáyà yẹn tún kàn. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní SS2 ni ó kàn láti kà á. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú, bí ó ti ń fi àmì sí i, ó béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ̀mú?” Kò rí i rí. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò wa. Ó rí bí bàbá náà ṣe fi ẹ̀mú gbé irin pípọ́n kúrò nínú iná. Ó sún sẹ́yìn nítorí ooru rẹ̀. Ní ọ̀nà ilé, ó ní, “Sà, irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi kan ètè rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó rọra pe ọ̀rọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Mísà, màmá tí mo sọ nípa wọn lókè pe ọmọ náà, wọ́n dì í lọ́wọ́ mú. Wọn kò sọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe kàwé rárá. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o rí i pé ọkùnrin yẹn kò béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an kí ó tó ní kí wọ́n rán òun?”

Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí síbi tí Àìsáyà ti gbà láti lọ. Iṣẹ́ náà, tí ó le púpọ̀, wà nínú ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e, a kò sì kà á. Mo ti ka orí yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, n kò kíyè sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé ni ó fi hàn mí, nítorí pé lọ́tẹ̀ yìí ó gbọ́.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ètò ìwé kíkà ọjọ́ Ìsinmi nínú Ìjọ Àgùdà ní ọgbọ́n nínú: ó ń yí ká lọ́dún mẹ́ta, ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní rẹ̀ sì sábà máa ń pe Ìhìnrere. A ti fi ọjọ́ Ìsinmi kan ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe lè ronú lé e lórí. A sì ti fi hàn pé gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ohùn òǹkàwé, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò ní ìwé mìíràn ju etí wọn lọ.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn akẹgbẹ́ wa ni pé kí olúkúlùkù wo ilé ìjọsìn tirẹ̀, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kí ó béèrè ẹni tí ń ka Yorùbá níbẹ̀ àti bí ó ṣe ń kà á. Wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀ tó láti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àmì ohùn tí a ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa kò parí sí orí pátákó. Àgbàlagbà kan jókòó síbì kan tí ó ń dúró de ohun tí yóò gbé lọ sílé.